Ẹja Pupa Bí Epo: Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Clarion

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi láti Houston. Mo gé ìwé rẹ̀ kúrú díẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń sin ẹja omi iyọ̀ nínú táǹkì 75 gálọ́ọ̀nù. Clownfish méjì ló wà níbẹ̀ àti iyùn díẹ̀, gbogbo wọn ń ṣe dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́jà kan fi ẹja Clarion angelfish hàn mí, ó pupa bí epo, ó ní 2,800 dọ́là ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè sùn. Ìyàwó mi ní orí mi ti dàrú. Ṣé kí n rà á? Kí ló dé tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣé ó ti fẹ́ tán lókun ni? Mo tún gbọ́ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gún irú ẹja bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde, ṣé òótọ́ ni? Òkun tiwa nílé ńkọ́, ṣé kò ní èyí tó lè wọ táǹkì ni?”

Àbúrò mi, má rà á. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn kí àlàyé tó gùn, torí mo mọ ohun tí ẹja yẹn máa ń fi ojú ènìyàn ṣe. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ní Los Angeles, ìlú tí púpọ̀ nínú ẹja òkun tí Amẹ́ríkà ń rà fún táǹkì ti ń balẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n tú ọ̀rá tí wọ́n di ẹja sí, kí n yẹ ẹja wò, kí n ya èyí tó lè lọ sọ́dọ̀ oníbàárà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú. Clarion mẹ́fà péré ló ti gba ọwọ́ mi kọjá. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà ni iṣẹ́ dúró, tí gbogbo wa pé lé ọ̀rá lórí bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Ìwọ̀n ló fà á tí mo fi ní kí o má rà á. Clarion tó bá dàgbà máa ń gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ bí àwo ìjẹun, ó sì máa ń ka gbogbo táǹkì sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Táǹkì tìrẹ kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Ìyẹn dà bí kí ènìyàn so màlúù mọ́ pálọ̀. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá ní 180 gálọ́ọ̀nù, kó má yọ owó rárá. Á tún máa já iyùn rẹ jẹ ní díẹ̀díẹ̀, títí wàá fi máa wá ohun tó ń ṣe omi rẹ, nígbà tó jẹ́ pé omi ò ṣe nǹkan kan. (Iyùn tí mò ń wí yìí kọ́ ni èyí tí àwọn ọba ń so mọ́rùn o. Òkun Mẹditaréníà ni iyùn pupa yẹn ti ń wá. Ìbátan ọ̀nà jíjìn ni wọ́n.)

Ó ku ìbéèrè pé kí ló dé tó fi wọ́n. Èdè wa gan-an ló kọ́kọ́ ń ṣì wá lọ́nà níbí. A máa ń sọ pé “ó wọ́n” fún ohun tí owó rẹ̀ ga, ohun tí kò sí náà, “ó wọ́n” la máa ń pè é. Lọ́jà Mile 12, ọmọ ìyá kan náà ni méjèèjì: bí tòmátì ò bá sí, owó rẹ̀ á fò sókè. Lọ́jà ẹja òkun, wọ́n lè má bára wọn tan rárá. Ẹja kan lè pọ̀ lókun bí iyanrìn kí owó rẹ̀ ga, òmíràn lè fẹ́ tán pátápátá kí wọ́n máa tà á ní owó oúnjẹ ọ̀sán.

Wo yellow tang, ẹja aláwọ̀ ìyeyè tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Nígbà kan rí, kò sí ẹja táǹkì tí wọ́n ń kó tó o ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Erékùṣù Ńlá ti Hawaii. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹja tí owó ọmọléèwé ká ni. Ní 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Hawaii dá a pé ìjọba kò gbọ́dọ̀ máa fúnni níwèé àṣẹ láti kó ẹja táǹkì láìkọ́kọ́ yẹ ohun tí kíkó náà ń ṣe sí òkun wò. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2021, wọ́n ti dí ihò tó kù táwọn akẹ́ja ń gbà yọ́ wọlé. Ẹja tí a ń tà ní àádọ́ta dọ́là di ẹja ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Kò sí ohun tó ṣe ẹja náà lókun. Ìwé àṣẹ ló tán. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ní 2015 àwọn onímọ̀ Oceanic Institute níbẹ̀ ti rí ọ̀nà láti tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà nínú táǹkì, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ náà ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Peppermint angelfish tún wà, ẹja aláàlà pupa àti funfun bíi súìtì, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Owó rẹ̀ ti dé nǹkan bí 30,000 dọ́là rí. Rarotonga ní erékùṣù Cook ni wọ́n ti rí i. Ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ ẹja, Richard Pyle àti John Randall, kọ ìwé tó fún un ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é, wọ́n sì fi orúkọ náà bọlá fún Charles Boyle, òmùwẹ̀ kan tó lọ́wọ́ nínú wíwá a kàn. Mítà 53 sí 120 nísàlẹ̀ omi ni ibùgbé rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n pọ̀ lọ bíi rẹrẹ níbẹ̀, àmọ́ ta ni yóò lọ kó wọn?

Ibi tí ìbéèrè rẹ nípa abẹ́rẹ́ ti wọlé nìyẹn, jẹ́ kí n sì jókòó tì í díẹ̀, torí òun ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ẹja ló ní àpò afẹ́fẹ́ kan nínú, òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n rì, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n léfòó. Bí o bá ń lọ sísàlẹ̀ òkun, gbogbo mítà 10 ni ìwúwo omi tó ń tẹ̀ ọ́ máa ń fi odidi òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ ayé kan pọ̀ sí i. Ní mítà 100, ìlọ́po 11 ti orí ilẹ̀ ló ń tẹ̀ ọ́. Ẹja tó ń gbé níbẹ̀ ti fún afẹ́fẹ́ inú àpò rẹ̀ ní ìwọ̀n tó bá ibẹ̀ mu. Bí o bá wá fà á sókè lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà á máa fẹ̀ títí á fi di ìlọ́po 11, bí bàlúùnù tí ọmọdé ò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ fífẹ́ rẹ̀ dúró. Ojú ẹja á yọ síta, ìfun á máa gba ẹnu jáde. Ìdí nìyẹn tí òmùwẹ̀ fi máa ń dúró lọ́nà, tí á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gba abẹ́ ìpẹ́ wọ àpò yẹn, tí á sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tú. Bí ọwọ́ bá mọ̀ ọ́n ṣe, ojú àpá á jinná láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Pyle tí mo dárúkọ rẹ̀ yẹn, Bishop Museum ní Honolulu ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 19, àìsàn tó ń mú òmùwẹ̀ tó bá gòkè kíákíá jù ti gbé e ṣánlẹ̀ ní Palau, nítorí náà ó mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn náà, nígbà tó ń wọ ibi jíjìn lọ mú ẹja, ó ṣàkíyèsí nǹkan kan: ọjọ́ tí òun bá rí ẹja mú, ara òun máa ń yá gágá bí òun bá gòkè, ọjọ́ tí òun bá pa dà lọ́wọ́ òfo, ó máa ń rẹ òun tẹnutẹnu. Ó rò ó títí ó fi rí i pé ọjọ́ tí ẹja bá wà nìkan ni òun máa ń dúró ní ibi jíjìn láti tú afẹ́fẹ́ inú wọn. Ìdúró tó ń ṣe nítorí ẹja, òun alára ló ń ṣe láǹfààní. Àwọn òmùwẹ̀ wá sọ irú ìdúró bẹ́ẹ̀ lórúkọ rẹ̀, Pyle stop. Ìdánwò tí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ṣe lẹ́yìn náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbè é lẹ́yìn, àríyànjiyàn rẹ̀ ò sì tíì tán láàárín wọn, ṣùgbọ́n ní ti ẹja, kò sí ẹni tó ń jiyàn pé kí ènìyàn má dúró.

Abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ni ọ̀nà tó wà. Luiz Rocha, ọmọ Brazil, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California Academy of Sciences ní San Francisco ṣe ìkòkò kan tí wọ́n ń pè ní SubCAS. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹja sí nísàlẹ̀, tí wọ́n á sé e mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú ìwúwo omi ibùgbé rẹ̀, tí wọ́n á sì máa dín in kù fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lórí ilẹ̀. Ẹja ò ní mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Rocha yìí náà wà lára àwọn tó rí ẹja Tosanoides aphrodite ní nǹkan bí mítà 120 nísàlẹ̀ omi, ní àwọn òkúta São Pedro àti São Paulo tó jìnnà tó 1,000 kìlómítà sí etíkun Brazil. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 2018. Ẹwà ẹja náà gbà wọ́n lójú débi pé ekurá ńlá kan ń kọjá lórí wọn, wọn ò mọ̀, àfi ẹni tó ń ya fídíò ló rí i. Nígbà mìíràn tí ìyàwó rẹ bá ní orí rẹ dàrú, sọ ìyẹn fún un.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kì í ṣe ti Clarion o. Clarion kì í jìn, omi tí kò ju mítà 30 lọ ni ibùgbé rẹ̀. Erékùṣù àti òfin ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Ilé rẹ̀ gan-an ni Revillagigedo, àwọn erékùṣù òkè oníná tó jẹ́ ti Mẹ́síkò, nǹkan bí 400 kìlómítà sí gúúsù Baja California. Níbẹ̀, àwọn ẹja manta ńláńlá máa ń rọra wá dúró kí àwọn Clarion lè máa ṣa kòkòrò kúrò lára wọn. Bí o bá rí fídíò rẹ̀, wàá rí i pé ẹja yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe nílé rẹ̀. Ní 2016, UNESCO fi àwọn erékùṣù náà sára àwọn ibi àjogúnbá ayé, CITES, àdéhùn tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ewéko láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, sì fi Clarion sínú ìsọ̀rí kejì rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2017. Ní November ọdún yẹn ni Mẹ́síkò sọ gbogbo àyíká náà di ọgbà ìpamọ́, tí wọ́n sì fi òfin de ẹja pípa níbẹ̀.

Nítorí náà, Clarion èyíkéyìí tó bá wọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní ìwé CITES. Ní kí ọlọ́jà rẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn ọ́. Lẹ́tà kan wà lórí ìwé náà tó ń sọ ibi tí ẹja ti wá: W ni ti èyí tí wọ́n mú lókun, C ni ti èyí tí wọ́n sìn. Ilé ìsìn kan ní Bali ti tọ́ ọmọ Clarion dàgbà, nítorí náà C kì í ṣe irọ́ dandan. Àmọ́ bí ọlọ́jà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé “ẹni tó tà á fún mi ló mú ìwé dání,” kí ẹsẹ̀ rẹ tètè mọ ọ̀nà ilé.

Ẹja kejì tí mo fẹ́ kí o fojú sí ni Banggai cardinalfish. Òun ni mo sọ pé ó fẹ́ tán, tí owó rẹ̀ sì kéré. Dúdú òun funfun ni, ìyẹ́ rẹ̀ gùn gbọọrọ. Wọ́n fún un lórúkọ ní 1933, kò sí ẹni tó bìkítà fún un mọ́ títí Gerald Allen, onímọ̀ ẹja, fi tún rí i ní Indonesia láàárín àwọn ọdún 1990. Bí ọjà ṣe gbọ́, ọjà sáré lọ. Ní nǹkan bí 2007, àwọn olùwádìí fojú bu iye tó wà ní gbogbo erékùṣù Banggai sí mílíọ̀nù 2.4, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń kó 700,000 sí 900,000 lọ́dọọdún. Ọdún yẹn ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ tán, kọ ọ́ sára àwọn ẹ̀dá tí ìparun ń lé. Ní 2016 Amẹ́ríkà náà fi í sínú òfin ààbò tirẹ̀. Síbẹ̀, láàárín gbogbo ìyẹn, mo rí i lórí àtẹ ní ogún dọ́là.

Ohun tó jẹ́ kí ó tètè tán ni bó ṣe ń bímọ. Ọ̀pọ̀ ẹja òkun máa ń tú ẹyin sínú omi, ìgbì á gbé àwọn ọmọ lọ, wọ́n á sì kún ibi tí wọ́n ti kó ìyá ẹlòmíràn kúrò. Ti Banggai kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ ló ń gbé ẹyin sẹ́nu, á sì gbé wọn bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan láìjẹun, títí àwọn ọmọ á fi jáde pẹ̀lú àwọ̀ bàbá wọn. Ibi tí wọ́n bí wọn sí náà ni wọ́n ń gbé. Bí akẹ́ja bá ti palẹ̀ etíkun kan mọ́, ó di òfìfo nìyẹn.

Bí ó ṣe ń bímọ yẹn gan-an ló sì mú kó rọrùn láti sìn nílé. Táǹkì rẹ gbà wọ́n. Ra méjì tó ti di tọkọtaya, tí wọ́n bí sínú táǹkì. Ti òkun máa ń gbé àrùn fáírọ́ọ̀sì kan wá tó ń pa wọ́n ní ìpakúpa. Pe ìyàwó rẹ wá wo akọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta tó ti ń gbààwẹ̀ nítorí ọmọ. Mo mọ ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ kórìíra táǹkì fún ọdún márùn-ún, ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ra oúnjẹ ẹja.

Bí ó bá jẹ́ dandan pé kí o ní ohun tí ará ilé kejì kò ní, wá candy basslet, Liopropoma carmabi. Sẹ̀ǹtímítà 6 péré ni, ìlà ọsàn àti àwọ̀ aró ló wà lára rẹ̀, omi Caribbean tó jìn tó mítà 15 sí 70 ló ti ń wá. Orúkọ ilé ìwádìí CARMABI ní Curaçao ni wọ́n fi sọ ọ́. Owó rẹ̀ kò sábà dé ìdajì ti Clarion yẹn, kì í sì í fọwọ́ kan iyùn. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń tijú. Ó lè wà lábẹ́ òkúta fún ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó rí imú rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ìyẹn. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ti candy basslet yìí ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ lè kàn. Béèrè bí wọ́n ṣe gbé e gòkè. Wo ẹ̀yìn ìyẹ́ àyà rẹ̀ bóyá ó pọ́n tàbí ó wú. Bí ìrù rẹ̀ bá ń gbé sókè tí orí ń dorí kodò, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbi tí kò yẹ kó wà. Ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ lójú rẹ, kí o sì tún padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tún fún un. Má ṣe ra ẹja tó bá jẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n fi májèlé sáyánáìdì mú, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Philippines láti àwọn ọdún 1960, lè jẹun lónìí kó kú ní ọ̀sẹ̀ kejì. Títú tí wọ́n ń tú májèlé náà sínú ihò òkúta kí ẹja lè dákú, iyùn tó yí ibẹ̀ ká ló ń kọ́kọ́ gbà á.

Ọjọ́ tí ẹja bá dé ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìfẹ́ pa á. Ẹja tó bá fi ọgbọ̀n wákàtí rìn nínú ọ̀rá ti ń mí sínú omi kan náà. Èémí rẹ̀ ń mú kí omi náà kan, amóníà tó ń ti ara rẹ̀ jáde sì ń kó jọ. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì kan, amóníà yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Gẹ́rẹ́ tí o bá tú ọ̀rá, èémí á fò lọ, kíkan omi á rọ̀, amóníà á sì di májèlé gidi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹni tó rà á á jókòó tì í, tí á máa kán omi táǹkì sí i fún wákàtí méjì, torí wọ́n ti sọ fún un pé kó rọra ṣe é. Mo fi ọwọ́ ara mi pa angelfish mẹ́rin báyìí ní ọdún kejì iṣẹ́ mi. Ọ̀gá mi kò bá mi wí, ó kàn kọ iye owó wọn sára ògiri, ó sì fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún kan.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń béèrè òṣùwọ̀n iyọ̀ inú ọ̀rá lọ́wọ́ ẹni tó dì í, mo sì máa ń ṣe omi táǹkì ìyàsọ́tọ̀, ìyẹn táǹkì kékeré tí ẹja tuntun ń dá gbé kó tó wọ táǹkì ńlá, bá a mu kí ẹja tó dé. Ọ̀rá á léfòó lórí omi náà ní dídì fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kí ooru wọn lè dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni mo máa tú u, tí máa fi ife bu ẹja lọ tààrà, tí máa sì da omi ọ̀rá nù. Bí ó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí kò jìnnà sílé rẹ ni o ti rà á, kíkán omi kò léwu.

Táǹkì ìyàsọ́tọ̀ kì í ṣe ohun ńlá: 20 gálọ́ọ̀nù, kò sí iyanrìn, kò sí iyùn, páìpù PVC díẹ̀ kí ó lè rí ibi sá sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni kí ó lò níbẹ̀. Oògùn bàbà tó ń pa kòkòrò tí ń fa ẹ̀fúnfún lára ẹja, ibẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Bí o bá dà á sí táǹkì ńlá, iyùn rẹ ti lọ nìyẹn.

Òkun tiwa ńkọ́? Àwọn odò wa ń gbé ẹrẹ̀ wọ inú rẹ̀ láti ilẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀bá Èkó sì jẹ́ iyanrìn àti ẹrẹ̀, nítorí náà kò sí òkúta iyùn bíi ti Hawaii tàbí Indonesia. Angelfish kan ṣoṣo ló jẹ́ ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gan-an, Holacanthus africanus, láti Senegal wá dé Congo. Ọmọ rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ aró tó rẹwà, àmọ́ á gùn tó 45 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ̀gbọ́n Clarion pátápátá ni ní ti ìwọ̀n, má tilẹ̀ ro ó. Ẹja táǹkì tí Èkó ń fi ránṣẹ́ sí òkèèrè, ti odò ni: èyí tí imú rẹ̀ gùn bí ọwọ́jà erin, èyí tó ń na ìyẹ́ bí labalábá lójú omi, èyí tó gùn bí okùn. Mo máa ń rí wọn ní ilé iṣẹ́ tó wà nítòsí wa, àmì Murtala Muhammed sì máa ń wà lára páálí wọn.

Gbé táǹkì ìyàsọ́tọ̀ yẹn kalẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí omi rẹ̀ pé oṣù kan kí o tó ra ohunkóhun. Ní ti candy basslet, kọ́kọ́ fi nẹ́ẹ̀tì bo orí táǹkì ńlá náà, torí tí ẹ̀rù bá bà á lóru, ó lè fò jáde. Má sì jẹ́ kí ọlọ́jà yẹn gba owó ìdúró lọ́wọ́ rẹ kó tó fi lẹ́tà inú ìwé Clarion náà hàn ọ́, kódà bó bá jẹ́ wíwò lásán lo fẹ́ lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.